Ọ̀rọ̀ ẹ̀ka-èdè Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣini lọ́nà: ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ mọ ìtumọ̀ tí yóò mú

Ní ọdún àkọ́kọ́ tí mo dé ìlú kékeré kan ní ìwọ̀-oòrùn Yorkshire, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, iṣẹ́ títọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn ni mo kọ́kọ́ rí ṣe. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kìíní, màmá kan tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún jókòó sórí àga rẹ̀, ó ká apá mọ́ àyà, ó ní, “I'm starved.” Ohun tí wọ́n kọ́ mi nílé ẹ̀kọ́ nípa ọ̀rọ̀ yìí ni pé ebi ń pa ènìyàn gan-an. Mo sáré wọ ilé ìdáná, mo din ẹyin, mo yan búrẹ́dì, mo gbé e wá. Màmá wo àwo náà, ó wo ojú mi, ó dúpẹ́, kò sì fọwọ́ kàn án. Ìgbà tí mo di ọwọ́ rẹ̀ mú láti fi fọ́ọ̀kì sí i ni mo mọ̀ pé ọwọ́ náà tutù bíi yìnyín. Òtútù ló ń pa á. Láti ìgbà tí mo ti wọlé ló ti ń sọ fún mi pé kí n bá òun tan hítà.

Ọ̀rọ̀ yẹn kò ṣòro rárá. Láti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti mọ̀ ọ́n, ohun tó sì jẹ́ kó tàn mí jẹ nìyẹn. Bó bá jẹ́ “nithered” ni màmá sọ, èyí tí àwọn ará Yorkshire tún ń lò fún ẹni tí òtútù ń pa, ǹ bá ti dúró, ǹ bá ti ní kó tún un sọ, ǹ bá sì ti bi í léèrè ohun tó túmọ̀ sí. Nítorí náà, àwọn ọ̀rọ̀ tó jọ èyí tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni n ó pẹ́ lórí wọn jù nínú ìfiwéra yìí. Bí ọ̀rọ̀ bá ṣàjèjì sí wa, a ó béèrè. Èyí tí a rò pé a mọ̀ ni kì í jẹ́ kí á béèrè.

Òtútù, ebi àti àìsàn

Nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, “steorfan” ni ọ̀rọ̀ tó bí “starve”, kíkú lásán ló sì túmọ̀ sí, bí “sterben” ṣe túmọ̀ sí kíkú lọ́dọ̀ àwọn ará Jámánì títí di òní. Nígbà tó yá, Gẹ̀ẹ́sì àjùmọ̀lò fi ọ̀rọ̀ náà sọ́dọ̀ ebi, ṣùgbọ́n ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní apá kan àárín gbùngbùn rẹ̀, òtútù ni wọ́n fi í fún. Àwa tí a ń sọ pé ebi ń pa wá, tí a tún ń sọ pé òtútù ń pa wá, kò yẹ kí èyí yà wá lẹ́nu: “pa” kan náà ló wà nínú gbólóhùn méjèèjì, ohun tó ṣáájú rẹ̀ ló ń sọ irú ìpalára tí à ń wí.

Bí àgbàlagbà ará Lancashire tàbí Cheshire bá fẹ́ sọ ti ebi, “clemmed” ni yóò lò. Ìdílé kan náà ni ọ̀rọ̀ yìí wà pẹ̀lú “klemmen” ti èdè Jámánì, tó túmọ̀ sí kí nǹkan fún nǹkan mìíràn tàbí kó há a mọ́ra, bí ìgbà tí ikùn fún pọ̀ nítorí pé kò sí ohunkóhun nínú rẹ̀. “Nesh” tún yàtọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n máa ń dà á pọ̀ mọ́ “starved”. Ẹni tó bá jẹ́ “starved”, òtútù ń mú un ní ìsinsìnyí. Ẹni tó bá jẹ́ “nesh”, ara rẹ̀ ni kò gba òtútù, ì báà jẹ́ inú oòrùn ló wà lákòókò tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. “Hnesce”, tó túmọ̀ sí rírọ̀ tàbí ẹlẹgẹ́, ni orírun rẹ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́. Bí wọ́n bá rí ọ pẹ̀lú kóòtù òtútù nínú oṣù karùn-ún ní Nottingham, Derby tàbí Stoke, tí wọ́n sì pè ọ́ ní “nesh”, ẹ̀fẹ̀ ni, kì í ṣe èébú. Hítà àti kúbùsù ni ìdáhùn sí “starved”. “Nesh” kò béèrè ìrànlọ́wọ́ kankan.

Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú gbọ́dọ̀ fi “poorly” àti “badly” kún un. “Poorly” jọ ọ̀rọ̀ òṣì, “badly” sì jọ ọ̀rọ̀ ìwà burúkú, ṣùgbọ́n àìsàn ni àwọn méjèèjì ń sọ. “Poorly” kárí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. “Badly” wà ní Yorkshire àti àríwá ìlà-oòrùn. Bí ọmọ ilé bá sọ fún ọ ní ẹnu ọ̀nà pé bàbá òun ti “been badly” láti àná, kò fi bàbá rẹ̀ sùn, ó ń sọ pé ara bàbá kò yá ni.

Ẹyin tí oníṣòwò kan kò rí rà

Ìdàrúdàpọ̀ yìí ti pẹ́. William Caxton, ẹni tó gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1476, sọ nínú ọ̀rọ̀ àkọ́sọ ìwé kan tó tẹ̀ ní 1490 pé àwọn oníṣòwò kan wà nínú ọkọ̀ lórí odò Thames, wọ́n ń lọ sí Zeeland ní ilẹ̀ àwọn Dutch, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kò fẹ́, wọ́n bá sọ̀kalẹ̀ láti wá nǹkan jẹ. Ọ̀kan nínú wọn wọ ilé kan, ó ní kí wọ́n ta “eggys” fún òun. Obìnrin onílé náà fèsì pé òun kò gbọ́ èdè Faransé. Inú bí oníṣòwò náà, nítorí òun pàápàá kò gbọ́ Faransé, ẹyin lásán ló ń wá. Nígbà náà ni ẹlòmíràn sọ pé “eyren” ni ó fẹ́, obìnrin náà sì ní ohun tó sọ yé òun dáadáa.

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì gidi ni “eyren”. “Egg” ni àwọn ará àríwá Yúróòpù, tí a mọ̀ sí Viking, gbé dé. Ní 866 ni wọ́n gba ìlú York, àwọn ènìyàn wọn sì tẹ̀dó sí àríwá àti ìlà-oòrùn ilẹ̀ náà, wọ́n ń dáko, wọ́n ń fẹ́ ìyàwó, wọ́n sì ń fi èdè wọn pè ohun gbogbo tó wà láyìíká wọn. Ọ̀rọ̀ wọn fún ẹyin ló borí lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, òun ni gbogbo ayé ń pè lónìí. Ọ̀rọ̀ wọn fún òpópónà, fún odò kékeré àti fún eré ọmọdé kò kúrò ní àríwá. Ohun tó ya àwọn méjèèjì kò ju pé ọ̀kan rí àyè wọ ìwé Lọ́ńdọ̀nù, èkejì kò rí. Ìdí nìyí tó fi ń dùn mí nígbà tí àwọn ènìyàn wa bá ń pe ọ̀rọ̀ àwọn ará Yorkshire ní Gẹ̀ẹ́sì tó bàjẹ́, bí ẹni pé àwa náà kò mọ bó ṣe máa ń rí lára ọmọ Èkìtì tàbí ọmọ Oǹdó nígbà tí ẹnìkan bá fi èdè ilé rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́.

Èyí tó lè yí gbólóhùn padà pátápátá

Nínú gbogbo wọn, “doubt” ti Scotland ni mo bẹ̀rù jù. Bí ará Lọ́ńdọ̀nù bá sọ pé “I doubt it'll rain”, kò gbà pé òjò yóò rọ̀, o lè fi aṣọ tí o sá sílẹ̀ níta. Bí ará Scotland tó ń sọ èdè ilé rẹ̀ bá sọ gbólóhùn kan náà, ẹ̀rù ń bà á pé òjò ń bọ̀, kí o yára kó aṣọ wọlé. Ọ̀rọ̀ kan náà, ìtumọ̀ méjì tó kọjú ìjà sí ara wọn. Láti inú èdè Faransé àtijọ́ ló ti wá, níbi tí iyè méjì àti ìbẹ̀rù ti jọ wà nínú ọ̀rọ̀ kan. Gẹ̀ẹ́sì àjùmọ̀lò di iyè méjì mú, Scotland di ìbẹ̀rù mú. Ẹni tó bá fẹ́ tú ti Scotland sí Yorùbá kò níí jìyà, nítorí àwa náà a máa sọ pé “ẹ̀rù ń bà mí pé kò níí wá mọ́” nígbà tí a bá fẹ́ sọ ohun tí a gbà pé yóò ṣẹlẹ̀.

“While” ló tẹ̀ lé e. Nínú Gẹ̀ẹ́sì àjùmọ̀lò, ó túmọ̀ sí ìgbà tí nǹkan ń lọ lọ́wọ́. Ní Yorkshire, ó túmọ̀ sí títí di. Iṣẹ́ “nine while five” bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án, ó parí ní aago márùn-ún. Bí ọ̀gá ibi iṣẹ́ bá ní “don't start while I get there”, ó ń sọ pé kí o má bẹ̀rẹ̀ títí òun yóò fi dé, o kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan nǹkan. “Hwīl”, tó túmọ̀ sí àkókò, ni orírun rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ni. “Till” tí ará gúúsù ń lò dípò rẹ̀ ló wá láti ọwọ́ àwọn Viking. Ìyẹn máa ń ya àwọn tó rò pé gbogbo ọ̀rọ̀ Yorkshire ni ti Viking lẹ́nu.

“Happen” kò gba àkókò púpọ̀. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn láìsí olùwà níwájú rẹ̀, bí “happen he'll come”, bóyá ni ó túmọ̀ sí, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Láti inú “happ”, ọ̀rọ̀ Viking fún àkọsẹ̀bá tàbí oríire, ni òun, “perhaps” àti “happy” ti yọ.

Àwọn méjì kan wà tí Yorùbá fi sàn ju ará Lọ́ńdọ̀nù lọ nínú gbígbọ́ wọn. Gẹ̀ẹ́sì àjùmọ̀lò ya “lend” sọ́tọ̀ fún ẹni tó ń fúnni, ó ya “borrow” sọ́tọ̀ fún ẹni tó ń gbà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn ní àríwá yóò bi ọ́ pé “Can I lend your pen?” nígbà tó jẹ́ pé àwọn ni wọ́n fẹ́ yá a lọ́wọ́ rẹ. “Yá” kan náà ni àwa náà ń lò fún ẹni tó ń yáni ní owó àti ẹni tó ń yá owó. Bákan náà ni “learn” fún kíkọ́ni. Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ní “lǣran” fún olùkọ́ àti “leornian” fún akẹ́kọ̀ọ́; ìró méjèèjì súnmọ́ ara wọn, ọ̀rọ̀ kan sì ń ṣe iṣẹ́ méjì fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kí àwọn onígírámà tó kọ̀ ọ́. Ẹni tó bá ní “me dad learned me to swim” ń sọ pé bàbá òun ló kọ́ òun bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Kọ́ ọmọ, kọ́ iṣẹ́: àwa kò tíì kọ̀ ọ́.

Ojú ọ̀nà àti odò

Ní ìlú York, ẹ̀ẹ̀mejì ni ọ̀rọ̀ “gate” lè tàn ọ́. Stonegate, Coppergate àti Micklegate kì í ṣe ẹnubodè, òpópónà ni wọ́n, láti inú “gata” ti àwọn Viking. Micklegate ni òpópónà ńlá. Coppergate ni òpópónà àwọn tó ń gbẹ́ ife igi, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti hú ilé àti ohun èlò àwọn Viking jáde láàárín 1976 sí 1981. Ẹnubodè gidi tó wà lára odi ìlú náà, “bar” ni wọ́n ń pè é: Bootham Bar, Monk Bar, Walmgate Bar. Ẹni tó bá wá ọtí lọ síbẹ̀ yóò rí òkúta. Leeds náà ní Briggate, òpópónà afárá. Ṣùgbọ́n má ṣe gbé òfin yìí dé Lọ́ńdọ̀nù, nítorí ẹnubodè lára odi àtijọ́ ni Aldgate, Newgate àti Bishopsgate ti gba orúkọ wọn, láti inú “geat” ti Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́. Ibi tí o wà ni yóò sọ èyí tí o máa mú.

“Close” ni èyí tó ti jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń gbé oúnjẹ tàbí ẹrù kiri ṣìnà. Kí o kọ́kọ́ mọ̀ pé ìró rẹ̀ dàbí ti ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí ìtòsí, kò dàbí ti èyí tó túmọ̀ sí títì ìlẹ̀kùn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àdúgbò kékeré tí ọ̀nà rẹ̀ kò já síbì kan ni. Ní Edinburgh, ọ̀nà tóóró tó gba àárín àwọn ilé gíga kọjá ni, bí irú àwọn tó yà láti Royal Mile, òpópónà àtijọ́ ìlú náà. Ní Glasgow, ẹnu ọ̀nà àti àkàsọ̀ tí gbogbo ayálégbé ilé alájà púpọ̀ jọ ń lò ni. Bí ará Glasgow bá ní kí o dúró de òun nínú “the close”, inú ilé ni kí o wọ̀, má ṣe dúró sí títì nínú òjò.

Ọ̀nà tóóró láàárín ilé tún ní orúkọ bíi mélòó kan tí kò lè dá wàhálà sílẹ̀: “ginnel” ní Leeds àti Manchester, “snicket” ní apá ibòmíràn ní Yorkshire, “jitty” ní Leicester, “twitten” ní Sussex, “vennel” ní Scotland láti inú “venelle” ti Faransé. Èyíkéyìí tí wọ́n bá sọ, o ti mọ irú ibi tí wọ́n ń júwe.

Ti odò ní tirẹ̀ gba àkíyèsí. “Burn” ní Northumberland àti Scotland kò ní iná nínú rẹ̀ rárá. Odò kékeré ni, “burna” ni Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ pè é, òun ló wà nínú Bannockburn níbi tí Robert Bruce ti ṣẹ́gun Edward Kejì ní 1314. Ní gúúsù, ọ̀rọ̀ kan náà di “bourne”, ó wà nínú Bournemouth àti Eastbourne, àwọn ará orí òkè ẹfun sì máa ń fi í pe odò tó jẹ́ ìgbà òtútù nìkan ló ń ṣàn. “Beck” ti Yorkshire àti Cumbria wá láti inú “bekkr” ti àwọn Viking. Bí o bá rí “beck” lórí àwòrán ilẹ̀, ó ṣeé ṣe kí o mọ ìran ẹni tó kọ́kọ́ sọ odò náà lórúkọ.

Oúnjẹ

Kí n yára sọ ti “dinner” àti “tea”, torí pé ó ń da àkókò òògùn rú. Ní àríwá, oúnjẹ ọ̀sán ni “dinner” lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn, oúnjẹ alẹ́ sì ni “tea”. Ọ̀dọ̀ wa, tíì ni ohun gbígbóná tí a fi mílíìkì sí, kódà Milo àti Bournvita ń jẹ́ tíì. Bí àgbàlagbà bá ní òun ti jẹ “tea” òun, ó ti jẹ oúnjẹ alẹ́ ni, kì í ṣe ife omi gbígbóná kan ni ó mu. Bí dókítà bá sì kọ òògùn kan fún ẹ̀yìn oúnjẹ, aago ni kí o bèèrè, má ṣe bèèrè orúkọ oúnjẹ.

Búrẹ́dì róbótó kékeré ń jẹ́ “cob” ní Nottingham àti Derby, “batch” ní Coventry, “barm” ní Manchester, láti inú “beorma”, ìhó tí a fi ń mú ìyẹ̀fun wú. Ọ̀kan péré ló ń tanni jẹ: “teacake”. Níbi púpọ̀, èso gbígbẹ wà nínú rẹ̀, ó sì dùn. Ní Bradford àti Huddersfield, búrẹ́dì lásán ni, wọ́n lè fi ẹran sínú rẹ̀.

Scotland

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sọ Scots, èdè ilé àwọn ará Scotland tí “doubt” yẹn ti wá, gbà pé èdè kan lọ́tọ̀ ni, kì í ṣe ẹ̀ka Gẹ̀ẹ́sì, ìjọba Britain sì dá a mọ̀ nínú ìwé àdéhùn ilẹ̀ Yúróòpù lórí àwọn èdè tí àwọn díẹ̀ ń sọ, èyí tó buwọ́ lù ní 2000, tó sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 2001. Bọ̀wọ̀ fún èrò wọn bí o bá wà láàárín wọn.

“Stay” níbẹ̀ túmọ̀ sí gbígbé. Nígbà tí wọ́n bá bi ọ́ pé “Where do you stay?”, ilé rẹ ni wọ́n ń bèèrè, wọn kò sọ pé àlejò tí yóò lọ láìpẹ́ ni ọ́. Mo mọ bí ìbéèrè yẹn ṣe lè gún ẹni tó ti gbé níbẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá lọ́kàn bí kò bá mọ ìtumọ̀ rẹ̀. “Messages” ni ọjà tí a lọ rà, oúnjẹ àti ọṣẹ. Kò sí lẹ́tà nínú rẹ̀. Èyí kò yẹ kó ṣòro fún wa, nítorí ọmọ tí ìyá rẹ̀ rán lọ ra iyọ̀ àti ọmọ tí ìyá rẹ̀ ní kó lọ sọ nǹkan fún ẹ̀gbọ́n òun, iṣẹ́ ni a rán àwọn méjèèjì. “Mind” ni rírántí: “mind your keys” lè jẹ́ kí o rántí mú kọ́kọ́rọ́. “Wean”, tó jọ jíjá ọmọ lẹ́nu ọmú, ni ọmọdé ní ìwọ̀-oòrùn Scotland. “Wee ane”, ẹni kékeré, ni wọ́n so pọ̀. Ní ìlà-oòrùn Scotland àti ní Newcastle, “bairn” ni wọ́n ń pe ọmọ, “bearn” ti Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ni.

“Canny” ń sọdá ààlà ni, ó sì ń yí padà bó ṣe ń sọdá. Ní Scotland, ẹni tó gbọ́n, tó ń ṣọ́ owó, tó ń fẹ̀sọ̀ ṣe nǹkan ni. Ní Newcastle, ènìyàn dáadáa ni, ẹni tí ara rẹ̀ yá mọ́ni. Bí wọ́n bá pe ọmọ rẹ ní “canny bairn” ní Newcastle, wọ́n yìn ín, dúpẹ́.

Bí a ṣe ń yàn

Ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń wò ni ibi tí ẹni náà ti dàgbà, kì í ṣe ibi tó ń gbé báyìí, nítorí àgbàlagbà ọmọ Barnsley tó ń gbé ní Brighton ṣì lè sọ “while” fún títí di. Lẹ́yìn náà ni mo wo ọjọ́ orí rẹ̀: ẹnu àwọn tó ti dàgbà ni “starved” ti òtútù àti “clemmed” kù sí jù, nígbà tí “nesh” àti “poorly” ṣì wà lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́. Bí iyè mi bá ṣì jẹ́ méjì, n ó fi ọ̀rọ̀ mìíràn tún ohun tí mo gbọ́ sọ fún un: “Ṣé òtútù ni?” Kò sí ẹni tó tíì bínú sí mi nítorí ìyẹn.

Fún ẹni tó bá fẹ́ wá ìtumọ̀ fúnra rẹ̀, ibi mẹ́ta ni mo lè tọ́ka sí, iṣẹ́ wọn sì yàtọ̀. Ìwé atúmọ̀ ẹ̀ka-èdè tí Joseph Wright tẹ̀ jáde láàárín 1898 sí 1905, ní ìdìpọ̀ mẹ́fà, ló dára jù fún ọ̀rọ̀ àtijọ́ tó ti ń parẹ́. Yunifásítì Innsbruck ti gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ìtòsí Bradford ni wọ́n ti bí Wright ní 1855, ó ti ń ṣiṣẹ́ láti kékeré, kò sì mọ ìwé kà títí ó fi di ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kó tó wá di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Oxford. Ẹni tó sọ èdè náà kó tó mọ̀ ọ́n kọ ni, mo sì gbà pé ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ rẹ̀ fi jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Bí o bá fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ kan dé gẹ́lẹ́, ìwádìí tí Harold Orton ti Leeds àti Eugen Dieth ti Zurich dá sílẹ̀ ló dára jù. Ibi 313 ni àwọn oníṣẹ́ wọn dé láàárín 1950 sí 1961. Fún Scots, má ṣe lọ síbòmíràn ju ibi ìkójọ àwọn ìwé atúmọ̀ Scots tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ní ti kíkọ ìròyìn iṣẹ́, Gẹ̀ẹ́sì àjùmọ̀lò ni kí o fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n má ṣe pa ọ̀rọ̀ ẹni náà rẹ́. Kọ ọ́ bó ti sọ ọ́, kí o fi ìtumọ̀ tẹ̀ lé e, kí ẹni tó máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ má baà ṣi ìtumọ̀ mú bí mo ti ṣe. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn, ohun tó yẹ kí n kọ sínú ìwé ni pé màmá ní òun “starved”, òtútù ló ń mú un, mo tan hítà, mo fi kúbùsù bò ó lẹ́sẹ̀, kò sì tíì fẹ́ jẹun.